Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Láptọ́ọ̀pù tuntun, kí ni driver ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ ra láptọ́ọ̀pù tuntun, Wi-Fi ń já, ohùn ò jáde. Kẹ́ ẹ tó pariwo pé wọ́n ti lù yín ní jìbìtì, ẹ yẹ driver wò ná.

🔹 Driver ni ètò tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Windows àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ: kámẹ́rà, sípíkà, Wi-Fi. Tí kò bá péye, ẹ̀yà náà á máa ṣe ségesège, bí kò tiẹ̀ bàjẹ́.

🔹 Ẹ ṣí Device Manager. Èyí tẹ́ ẹ bá rí àmì ìyanu nínú onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò lára rẹ̀, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

🔹 Láti wá driver tuntun ní Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Windows Update, Advanced options, Optional updates. Bí driver náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ tẹ serial number tó wà nídìí láptọ́ọ̀pù síbẹ̀. Dell ń pe tiwọn ní Service Tag.

🔹 Tí driver tuntun bá da nǹkan rú, Roll Back Driver nínú Device Manager á dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

🔹 Ṣíṣe update BIOS (ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí ẹ bá tan ẹ̀rọ) ò gba eré o! Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ẹ̀rọ lè má tan mọ́. Kí bátìrì kún, kí ṣájà sì wà lára rẹ̀.

🔹 Serial number yẹn tún wúlò fún wáráńtì: wáráńtì míì ò kọjá orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra “UK-used” (àlòkù láti òkè òkun) ní ọjà Computer Village, ẹ fi serial number wo ọjọ́ tí wáráńtì máa parí kẹ́ ẹ tó sanwó.