Ègé Igi Ọlọ́run: ìwé kan tí ó fi ayé tuntun hàn láti inú ilé ìdáná

Bí a bá bi ìyá àgbà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Kétu pé, "Ọmọ mélòó ni ẹ bí?" ó lè rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn baba wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl àti Málì pẹ̀lú. Níbẹ̀, bí ó bá di dandan láti ka ènìyàn, wọn a máa pè wọ́n ní "ègé igi Ọlọ́run", kí kíkà náà má baà gé ẹ̀mí wọn kúrú. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ousmane Sembène fi ṣe orúkọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tí ó jáde ní èdè Faransé ní ọdún 1960: Les bouts de bois de Dieu.

A bí Sembène ní Ziguinchor, ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gàl, ní ọdún 1923. Kò pẹ́ ní ilé ìwé. Ó ṣe iṣẹ́ mọlémọlé, ó jẹ́ ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì ru ẹrù ní èbúté Marseille ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí ó ti fi apá rẹ̀ jẹun ni ó kọ ìwé yìí nípa àwọn òṣìṣẹ́.

Ọ̀ràn tí ó wà nídìí ìtàn náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tiwa ní Dàhòmì, ní ojú irin tí ó ti Kútọnù wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, wà lára wọn. Ní ojú irin láti Dakar dé Bamako, ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà kò parí títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1948. Ẹ̀tọ́ tí àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ wọn ń gbà ni wọ́n ń béèrè. Nínú ìwé náà, wọ́n béèrè owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀gá òyìnbó kọ̀, ó ní àwọn tí ó fẹ́ ìyàwó púpọ̀ kò yẹ fún owó ìtọ́jú ọmọ.

Ọkùnrin ni ó dá iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Sembène kò jẹ́ kí ìtàn náà dúró sí ibi iṣẹ́. Ó mú wa wọ inú ilé. Owó tán. Àwọn olùtajà kò ta àwìn mọ́. Ní Dakar, wọ́n ti omi ẹ̀rọ pa. Báyìí ni ọ̀ràn òṣèlú ṣe wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ramatoulaye, ìyá ilé kan tí kì í jà, bá àgbò arákùnrin rẹ̀ olówó nínú ilé: ó ti jẹ ìrẹsì tí ó kù fún àwọn ọmọ. Ó mú ọ̀bẹ, ó pa àgbò náà, ó sì fi bọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ìgò tí wọ́n rọ iyanrìn sí ni àwọn obìnrin fi kojú wọn.

Ní ìlú Thiès, obìnrin kan tí àwọn ará ìlú ń fi ojú burúkú wò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Penda, dìde sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ ọkùnrin. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Dakar, ìrìn tí ó tó nǹkan bí àádọ́rin kìlómítà. Wọ́n rìn ín nínú oòrùn àti òùngbẹ, wọ́n sì dé. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ìlú Dakar, ìbọn àwọn ọmọ ogun pa Penda.

Ẹ má rò pé ìwé yìí sọ pé kí a da àṣà nù. Ní Bamako, Niakoro, ìyá àgbà, ń ṣàròyé pé Ad'jibid'ji, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ń lọ sí ìpàdé àwọn ọkùnrin, ó sì ń fi èdè Faransé dá àgbà lóhùn. Òǹkọ̀wé kò fi ìyá àgbà náà ṣe ẹlẹ́yà, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ọmọ náà lẹ́bi.

Ní Bamako kan náà, Diara, òṣìṣẹ́ kan, padà sí ẹnu iṣẹ́, ó sì da àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà àtijọ́, Tiémoko àti àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ì bá lù ú. Ṣùgbọ́n Tiémoko yá ìwé kan, ó jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì rí ọ̀nà mìíràn nínú rẹ̀: kí gbogbo ẹgbẹ́ dá ẹjọ́ Diara ní gbangba. Àwọn obìnrin jẹ́rìí níwájú àwọn àgbà. Ní ìkẹyìn, Fa Keita, àgbàlagbà tí gbogbo wọn bọ̀wọ̀ fún, ní kí wọ́n jẹ́ kí Diara máa lọ, nítorí ìtìjú tí ó rí ti tó o. Ìwé ni ó mú ìgbẹ́jọ́ náà wá. Ọgbọ́n àgbà ni ó parí rẹ̀.

Sembène fúnra rẹ̀ rí i nígbà tí ó yá pé ọ̀pọ̀ àwọn tí òun kọ̀wé nípa wọn kò lè ka èdè Faransé. Nítorí náà ni ó ṣe kọ́ iṣẹ́ sinimá. Ní ọdún 1968, ó ṣe Mandabi ní èdè Wolof, kí àwọn ìyá àti bàbá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí ti ní ohun tí àwọn ìyá inú ìtàn náà kò ní: ẹ lè ka èdè yín, ẹ sì lè kọ ọ́. Àgbà díẹ̀ ni ó kù tí ó lè sọ bí ilé ṣe rí kí omi ẹ̀rọ tó dé, àti ẹni tí ó máa ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìlú nígbà náà. Ẹ lọ bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ mú ìwé àti kálámù dání.