Ihò Tó Rẹlẹ̀ Jù Lọ: Bí Omi Ṣe Ń Wọ Ẹ́ńjìnnì Jíìpù

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń pọ̀ lọ́dún: nínú oṣù kẹfà àti ìkeje, lẹ́yìn náà nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Àsìkò yìí ni inú ẹni tó ni jíìpù máa ń dùn pé owó òun kò ṣòfò. Kọ̀rólà ti pákí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Hilux ní tiẹ̀ ń la àgbàrá lọ. Ṣùgbọ́n gíga ọkọ̀ kọ́ ni omi ń wò. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí ló ń wá, bó bá sì ti débẹ̀, jíìpù olówó ńlá àti tókúnbọ̀ di ẹgbẹ́. Àwọn tó ń ta páìpù imú gíga tí wọ́n ń pè ní sínọ́kẹ̀lì a máa sọ pé bí a bá ti de èyí mọ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kò tíì parí. Ẹnu ọ̀nà kan péré ni sínọ́kẹ̀lì gbé sókè. Ibi tí ọkọ̀ lè wọ omi dé, ihò tó rẹlẹ̀ jù lọ láàárín ẹnu páìpù yẹn àti ẹ́ńjìnnì ni yóò sọ.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 2,800 cc tó ń yí nígbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan á fa afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ 2,800 lítà ní ìṣẹ́jú náà, láìtíì ka èyí tí tọ́bò ń fipá tì wọlé. Ohun tó ń fà tó báyìí kò ní dúró ṣa omi kúrò lára afẹ́fẹ́. Nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, písítìnì á ká nǹkan bí 700 cc afẹ́fẹ́ mọ́ àyè tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju 47 cc lọ. Afẹ́fẹ́ gbà kí wọ́n ká òun. Omi kò gbà. Bí omi tó ju ṣíbí ìjẹun ńlá mẹ́ta lọ díẹ̀ bá wà nínú sìlíńdà kan ṣoṣo, písítìnì á gòkè bọ̀, kò ní ráyè, nǹkan kan á sì tẹ̀. Kọnírọ́ọ̀dù ló sábà máa ń tẹ̀, ìyẹn irin tó so písítìnì mọ́ kíráńkì. Ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì nìyẹn.

Àwọn awakọ̀ dísẹ́ẹ̀lì a máa fọwọ́ sọ̀yà pé omi kò rí tiwọn ṣe, nítorí ẹ́ńjìnnì wọn kò lo pọ́lọ́ọ̀gì tí omi lè pa. Òótọ́ ni, òótọ́ náà gan-an sì ni ewu. Bí omi bá dà sí wáyà iná ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù àtijọ́, ẹ́ńjìnnì náà lè kú kí omi tó dé sìlíńdà, kíkú yẹn á sì gbà á là. Dísẹ́ẹ̀lì ò ní kú. Á máa fà títí omi fi dé ibi tí kò yẹ kó dé. Àyè tó ń ká afẹ́fẹ́ mọ́ sì tún há ju ti pẹtiróòlù lọ: pẹtiróòlù ń ká a sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, dísẹ́ẹ̀lì sí ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi díẹ̀ tó o.

Ẹ jẹ́ ká wá tọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà láti ìta wọlé. Lára ọ̀pọ̀ jíìpù, ẹnu tí wọ́n bá a wá wà lẹ́yìn iná iwájú tàbí nínú fẹ́ńdà. Láti ibẹ̀, afẹ́fẹ́ wọ àpótí fílítà, ó gba páìpù ràbà, ó dé tọ́bò. Àpótí fílítà yìí ni mo fẹ́ kí ojú wà lára rẹ̀ jù. Ihò kékeré kan sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n dá sí i kí omi òjò tó bá ta wọlé lè ro jáde. Ihò tí omi ń gbà jáde lójú títì ni omi ń gbà wọlé nínú odò. Àwọn ọkọ̀ kan ní ràbà pẹlẹbẹ níbẹ̀ tó ń ṣí síta nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ gbígbẹ bá há a lẹ́nu, kò ní pa dé mọ́. Ẹ tún wo etí ìdérí àpótí náà: ràbà tó yí i ká a máa gan, kílíìpù kan a sì máa já sọnù nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ eruku kúrò lára fílítà. Ẹ fọwọ́ tẹ páìpù ràbà níbi tó ti ká kò, ibẹ̀ ló ti máa ń sán. Bí a bá de sínọ́kẹ̀lì gíga mọ́ ọkọ̀ tó ní irú ihò wọ̀nyí, oge lásán ni. Ó wúlò fún eruku o, nítorí afẹ́fẹ́ òkè mọ́ ju ti ẹ̀bá táyà lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ohun tí wọ́n tà fún ẹni tó rà á.

Àwọn ológun mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtìkó gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944, wọ́n ti gbé ẹnu afẹ́fẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn sókè, àmọ́ wọn kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n fi ohun ìdíhò dí wáyà iná àti àwọn oríkèé tí omi lè gbà wọlé.

Ọ̀nà kan wà láti dán tiwa wò láìwọ omi. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kó máa rọra yí lórí ìdúró, kí ẹ sì fi pátákó pẹlẹbẹ tí a fi ràbà bò dí ẹnu sínọ́kẹ̀lì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe é, ẹ má sì tẹná. Bí gbogbo ọ̀nà bá dí dáadáa, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jà, á fẹ́ kú. Ẹ tètè ṣí i. Bó bá ń yí lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, ó ti rí ibòmíràn mí.

Ẹnì kan lè sọ pé òun kì í wọ igbó, kí ló wá kan òun? Omíyalé Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 àti ti Lẹ́kí òun Victoria Island ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2017 kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú igbó. Ẹlòmíì á ní ilé-iṣẹ́ ti kọ jíjìn omi tí ọkọ̀ lè là kọjá sínú ìwé: 700 mm fún Hilux, 800 mm fún Ford Ranger, 900 mm fún Defender tuntun. Ìwọ̀n yẹn dára, àmọ́ fún omi tó dúró jẹ́ẹ́ àti ẹni tó ń rọra lọ ni. Tírélà kan tó bá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ti omi gun bónẹ́ẹ̀tì. Àtakò tó wúwo jù lọ ni pé sínọ́kẹ̀lì tó dí dáadáa lè sọ awakọ̀ di aláìbẹ̀rù, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ibùdó ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé omi tó ń ṣàn, tí kò ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, lè gbé jíìpù lọ. Omi á ti gbé táyà kúrò nílẹ̀ kó tó dé imú. Nítorí náà, lójú tèmi, àpótí fílítà tí omi kò lè wọ̀ àti sùúrù yóò ṣe ẹni tó ń gbé Èkó láǹfààní ju páìpù orí rúùfù lọ.

Bí ọkọ̀ bá wá kú sínú omi, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló jẹ́ pé títàn ẹlẹ́ẹ̀kejì ló pa á. Ẹ wọ́ ọ jáde, ẹ ṣí àpótí fílítà, ẹ fọwọ́ kan fílítà. Bó bá tutù, kí mẹkáníìkì yọ pọ́lọ́ọ̀gì tàbí ínjẹ́tọ̀ kó tó fi sípánà yí kíráńkì lọ́wọ́, kí omi lè tú jáde. Kí ó fa irin tí a fi ń wọn ọ́ílì wò: bí ọ́ílì bá ti funfun bíi tíì onímílíìkì, omi ti débẹ̀, pípààrọ̀ ló kù. Kí ó wo ti gíà àti ti áksù náà. Áksù tó ti gbóná lójú títì á tutù lójijì nínú omi, á sì fa omi sínú láti ibi páìpù èémí kékeré tirẹ̀, èyí tí kì í bá sínọ́kẹ̀lì lọ sókè àfi bí ẹnì kan bá dìídì gbé e lọ.