Yọ́ àti yọ: bí a ṣe yọ ike tó yọ́ kúrò lára irin

Ìtàn ọ̀sẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní Brockley. Alẹ́ Friday ni. Àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ onídìrí ní Rye Lane, Peckham, wọlé tòun ti irin ìkárun rẹ̀ nínú ọ̀rá.

"Bọ̀dá mi, ẹ bá mi wò ó. Ó ti bàjẹ́."

Irin roboto tó ń fi iná gbóná ni, bí ọ̀pá ìbọn kékeré. Tong ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan ti fi ká attachment. Attachment ọ̀hún yọ́, ó sì gan mọ́ irin náà lára, dúdú kirikiri. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyàwó kan ń bọ̀ wá ṣe irun ìgbéyàwó rẹ̀.

Èmi ẹ̀ńjíníà sọfítíwíà, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ha á tí àbúrò mi fi pariwo: "Ẹ dúró! Irin gan-an lẹ ń ha yẹn!" Òótọ́ ni. Ilà funfun kan ti wà lára rẹ̀.

A pe Bàbá wa lórí fídíò WhatsApp. Wọ́n ti ṣọdẹ rí ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìbọn mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọ̀bẹ ha ìbọn?"

Ṣé ẹ rí i, nínú ọ̀pọ̀ ọta ìbọn òde òní, ike kékeré kan wà tó gbá àwọn ọta wẹ́wẹ́ mọ́ra. Tí ọdẹ bá yìn ín, ooru àti ìfararora á fi ike díẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn. Ọdẹ á kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, lẹ́yìn náà ni yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onídẹ fọ inú rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ idẹ? Nítorí pé idẹ rọ̀ ju irin ìbọn lọ. Ó ń ha ike, kì í ha ìbọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà, "yọ́". Òrí yọ́ nínú oòrùn. Iyọ̀ yọ́ nínú omi. Ọ̀rọ̀ kan ni, àmọ́ nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Ooru ló yọ́ òrí. Tó bá tutù, á tún dì. Ní ti iyọ̀, omi ló tú u ká wẹ́wẹ́, ì báà jẹ́ omi tútù. Ooru ló yọ́ ike mọ́ tong. Ìbéèrè wa ni pé: kí ló lè yọ́ ọ bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀?

Irú ike tó bá jẹ́ ló máa dáhùn. A wo ara páálí attachment náà: modacrylic. Kanekalon tí ilé iṣẹ́ Kaneka ní Japan ń ṣe wà nínú irú èyí. Ooru tong lè tó 200°C, modacrylic ò sì lè fara da ìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn onídìrí fi máa ń ki ìdí irun dídì bọ omi gbígbóná: omi tó ń hó kì í kọjá 100°C.

Acetone, tí wọ́n fi ń nu àwọ̀ èékánná, máa ń yọ́ modacrylic. Àmọ́ kì í yọ́ polyethylene, ìyẹn ike ọ̀rá tí a fi ń gbé ọjà, kì í sì í yọ́ irun polyester. Ẹ ka páálí kí ẹ tó ra oògùn o.

Àbúrò mi ní acetone nínú báàgì rẹ̀. Ohun tá a ṣe nìyí. A yọ wáyà kúrò lára iná, a jẹ́ kí tong tutù pátápátá, a ṣí fèrèsé. Acetone máa ń gbaná wàràwàrà, ẹ má gbé e sún mọ́ iná rárá. A fi òwú tó rin gbindin wé ibi tí ike wà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì fi igi pẹlẹbẹ tì í kúrò. A ò jẹ́ kó kan ọwọ́ tong, torí pé acetone lè yọ́ ike tìyẹn náà. A jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí a tó tún tàn án.

Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi iná jó o dànù. Èéfín modacrylic tó ń jó ní hydrogen chloride àti hydrogen cyanide nínú. Májèlé ni méjèèjì.

Ní agogo mọ́kànlá alẹ́, ike ti lọ. Inú mi dùn. Àbúrò mi fi ìka kan ibi tí mo ha, ó mi orí. "Irun oníbàárà á máa há síbí, Bọ̀dá mi." Tong ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló yá fún ìyàwó ọjọ́ kejì.

Ike tí ẹlòmíì fi síbẹ̀ ti kúrò. Ilà tí èmi fi síbẹ̀ ò kúrò. Mo ti ra tong tuntun fún un.

Ẹ kà á sókè kí ẹ tó lọ, kí ẹ fetí sí ohùn: ike yọ́, mo yọ ike, inú mi yọ̀. Ó dìgbà kan ná.