Gbòǹgbò Tí Ń Ba Àbùdá Ara Jẹ́: Ìkìlọ̀ Lórí Akogun

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì, ẹ mọ̀ pé bí èbù bá ti ní àrùn, iṣu rẹ̀ kì í ta dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn rí. Nínú ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ni àbùdá tí a jogún lọ́dọ̀ òbí wà. Òun ni ó ń darí bí ara ṣe ń dàgbà. Bí ó bá bàjẹ́, jẹjẹrẹ lè ti ibẹ̀ yọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Omi ewé mìíràn dáàbò bo àbùdá nígbà tí a dán an wò ní ilé ìwádìí. Òmíràn sì bà á jẹ́. Ẹnu kò lè tọ́ ìyàtọ̀ wọn wò.

Akogun, tí àwọn lẹ́kúlẹ́jà ń ta gbòǹgbò rẹ̀, wà nínú ìdílé ewéko Aristolochia. Oró ìdílé yìí a máa lẹ̀ mọ́ àbùdá, a sì yí i padà. Kì í dunni lọ́jọ́ tí a mu ún.

Ní Brussels, láti 1990 dé 1992, a ṣèèṣì fi gbòǹgbò ìdílé yìí rọ́pò òmíràn nínú oògùn tí àwọn obìnrin ń lò láti dín sísanra kù. Kíndìnrín obìnrin tí ó lé ní 100 bàjẹ́. Jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀ sì mú àwọn kan lẹ́yìn náà. Lẹ́bàá àwọn odò tí ń ṣàn wọ Danube ní Yúróòpù, èso ewéko kan nínú ìdílé yìí dàpọ̀ mọ́ àlìkámà tí àwọn àgbẹ̀ kórè, wọ́n sì ń fi ṣe búrẹ́dì jẹ. Àrùn kíndìnrín gba abúlé wọn kan. Ní 2002, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé kéde pé egbòogi tí ewéko ìdílé yìí bá wà nínú rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ.

Nítorí náà:

1. Ẹ má ṣe fi akogun sínú àgbo, ẹ má sì ṣe gbìn ín fún títà. Owó rẹ̀ kò tó owó ìtọ́jú kíndìnrín.
2. Ẹ má ṣe da gbòǹgbò oríṣiríṣi pọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ orúkọ sára àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dájú sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tà á.
3. Ẹni tí ó bá ti ń mu ún pẹ́ kí ó jáwọ́, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Kí ó sọ ohun tí ó mu fún dókítà láìfi ohunkóhun pamọ́.

Ìfura ni oògùn àgbà.