Elk Ti Padà Dé Cataloochee: Ta Ni Yóò Máa Ro Pápá?

Ọ̀rọ̀ ẹranko kan tí wọ́n pa tán, tí wọ́n sì tún dá padà, ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Elk ni wọ́n ń pè é. Àfonífojì Cataloochee ni mo ń sọ, nínú igbó ọba Great Smoky Mountains, ní North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Tí a bá ń túmọ̀, àgbọ̀nrín la sábà máa ń pe irú ẹranko yìí. Kò burú, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa kì í bọ́. Èyí tó bá hù sí i lórí ló máa bá a dọ́jọ́ ikú. Ìwo elk ń bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á tún hù, á yọ ẹ̀ka bí igi. Akọ rẹ̀ lè wọ̀n tó kílò 300. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹran kékeré.

Nígbà kan rí, elk wà káàkiri ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ìbọn àti oko dídá ló pa wọ́n run. Wọ́n gbà pé èyí tó kẹ́yìn ní North Carolina ti kú kí ọdún 1800 tó pé. Irú ti ìlà oòrùn gan-an ò sí láyé mọ́. Nítorí náà, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n kó wá: 25 ní ọdún 2001, 27 sí i ní 2002. Ìran wọn ti Elk Island ní Kánádà wá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ò rọrùn. Ọmọ kan péré ni abo sábà ń bí lọ́dún, nǹkan bí Oṣù Kẹfà. Ọmọ náà kì í tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀; inú koríko ló máa ń ba sí. Béárì dúdú wá ń rí wọn pa jẹ. Láti 2006 sí 2008, àwọn òṣìṣẹ́ ń kó béárì kúrò ní sàkáání náà fúngbà díẹ̀ lásìkò ìbímọ. Ọmọ tó ń yè pọ̀ sí i, agbo sì ń gbèrú. Lónìí wọ́n ti lé ní 200.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyí. Èèyàn á rò pé tí a bá ti fi igbó sílẹ̀ fún ẹranko, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún elk. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀ jù. Igbó ló fi ń ṣe ibòji àti ibi ìsápamọ́, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹ ewé, èèpo igi àti èso igi oak tó bá bọ́ sílẹ̀. Etí igbó, níbi tí igi àti pápá ti pàdé, gan-an ni ilé rẹ̀.

Ta ló wá ṣe pápá ọ̀hún? Àgbẹ̀ ni. Ní nǹkan bí 1910, bí èèyàn 1,200 ló ń gbé Cataloochee. Wọ́n ń gbin àgbàdo, wọ́n ń gbin ápù, wọ́n ń sin màlúù. Nígbà tí ìjọba ń dá igbó ọba náà sílẹ̀, tó fìdí múlẹ̀ ní 1934, wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kó lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ wọn ṣì dúró níbẹ̀. Ṣáájú wọn, ilẹ̀ àwọn Cherokee ni gbogbo agbègbè náà. Èmi ò lè sọ̀rọ̀ ẹran tó padà sílé kí n má rántí èèyàn tí kò padà wá gbé. Ojú oko wọn àtijọ́ ni elk ń jẹ̀.

Pápá tí a ò bá ro, igbó á gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá oko rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi ń gé koríko níbẹ̀, tí wọ́n sì máa ń dáná sun apá kan nínú igbó pẹ̀lú ìṣọ́ra. Tí pápá bá dí, elk á wá koríko lọ sí oko olóko lẹ́yìn ààlà. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń lọ. Wọ́n ń jẹ ohun ọ̀gbìn, wọ́n ń ya ọgbà, àgbẹ̀ tí wọ́n sì ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ kì í kí ẹran káàbọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ wò wọ́n, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára. Ní Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá, akọ máa ń ké wá abo. Ohùn náà á gòkè bí fèrè. Ẹ dúró létí ọ̀nà, ẹ mú awò tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú dání. Òfin ni pé kí ẹ fi yáàdì 50 sílẹ̀, ó kéré tán. Tí ẹran bá gbórí sókè, tó dáwọ́ oúnjẹ dúró nítorí yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ má fún un ní oúnjẹ. Tí ẹ bá rí ọmọ rẹ̀ tó dá sùn sínú koríko, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyá rẹ̀ ò jìnnà.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ dá ẹranko padà síbi tó ti parẹ́, ẹ má kàn béèrè iye tó fẹ́ kó wá. Ẹ bi í pé ta ni yóò máa tọ́jú ilẹ̀ náà lẹ́yìn ogún ọdún, kí sì ni ará etí igbó yóò rí gbà lọ́jọ́ tí ẹran bá wọ oko rẹ̀.