Àárọ̀ 78, alẹ́ 80: òṣùwọ̀n ò parọ́, omi ló wọ̀n!

Kò sí ìyàwó ilé tó ń ná ọjà Ojúwòyè ní Muṣin tí kò mọ̀ pé kóńgò tí wọ́n ti lù nídìí kò lè wọn ìrẹsì pé. Yóò yẹ kóńgò náà wò dáadáa kó tó sanwó. Ṣùgbọ́n bó bá délé, tó gun òṣùwọ̀n inú yàrá rẹ̀, ohunkóhun tó bá ti sọ, abẹ gé e nìyẹn.

Bí àpẹẹrẹ, ó wọn ara rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ó rí kílò 78. Ó ti òde ìnáwó dé lálẹ́, ó rí 80. Háà! Ó ní òun ò ní jẹun mọ́, ó rán ọmọ lọ ra àgbo tí ń múni yàgbẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, ó tún rí 78, ó ní àgbo ló ṣiṣẹ́. Àgbo kọ́ o, omi ló jáde lára.

Ọ̀rá kì í dédé kún ara bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀rá kílò kan tó lè kún un, èèyàn ní láti jẹ nǹkan bíi kálórì 7,700 lé lórí èyí tí ara lò. Oúnjẹ tó tó àgbàlagbà jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn.

Kí ló wá ń gbé e lọ, gbé e bọ̀? Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tó mu píọ̀ wọ́tà oníìdajì lítà méjì ti fi kílò kan kún ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sanra. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ń dá omi dúró sára. Ẹ̀bà àti iyán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ lè wúwo sí i. Ìgbẹ́ tí kò tíì jáde ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìró àti gèlè ní tiwọn. Lóru, omi ń bá èémí àti òógùn lọ, ìdí nìyẹn tí ara fi ń fúyẹ́ láàárọ̀. Bí wọ́n bá sì gbé òṣùwọ̀n sórí rọ́ọ̀gì, ìsọkúsọ ni yóò máa sọ.

Ilẹ̀ Yorùbá níbí ni wọ́n ti fi ọ̀nà àbáyọ han ayé. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ṣètò káàdì kan fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì sí káàdì, wọ́n sì ń wò ó bóyá àwọn àmì náà ń gòkè àbí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀. Irú káàdì yìí ni àwọn ìyá ṣì ń mú lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Àgbàlagbà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kó lo òṣùwọ̀n kan náà lórí ilẹ̀ tó le, láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun, nínú aṣọ fẹ́lẹ́. Kó kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó tó wí nǹkan kan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré bí kílò méjì bá kún láàrin ọjọ́ mélòó kan, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí mímí sì nira: ó lè jẹ́ ọkàn tàbí kíndìnrín. Ẹni tó sì ń rù láìfẹ́ rù, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ tàbí ikọ́ ife. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ. LUTH ní Ìdí-Àràbà kò kúkú jìnnà sí Muṣin.

Igi kan kì í dágbó ṣe. Ẹni tó ń yẹ kóńgò wò lọ́jà, kó yẹ òṣùwọ̀n náà wò kó tó febi pa ara rẹ̀.