Ẹja Olóró Inú Odò Ọya àti Kìnnìún Ilẹ̀ Borgu

Ní Ọ̀fà, ìlú tí ìjàkadì ti jẹ́ ohun ìyangàn láti ayébáyé, ìyàn nípa ẹni tí yóò dá ẹnìkejì kì í tán nílẹ̀. Àwa náà mú ẹ̀dá méjì wọ agbo lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára nìkan ni a ó fi wọ̀n wọ́n.

Èkíní ni ẹja pẹlẹbẹ kan tí ń gbé inú omi tí kò níyọ̀, nínú Odò Ọya àti Odò Benue. Orúkọ ìlú Garoua ní Kamẹrúùnù ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́ ní 1962. Lónìí wọ́n ń pè é ní Fontitrygon garouaensis. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40, ìrù rẹ̀ sì rí bí pàṣán. Èkejì ni kìnnìún, tí ó ṣì kù díẹ̀ nínú igbó ìpamọ́ Kainji ní ilẹ̀ Borgu.

Eyín àti èékánná kìnnìún ni oúnjẹ rẹ̀. Òun ni ó fi ń pa ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹja yìí, pẹ̀lú gbogbo oró rẹ̀, ìdin kòkòrò inú omi ni ó ń jẹ! Ẹ̀gún tí ó wà ní ìrù rẹ̀ kò wà fún ọdẹ. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó wà fún. Ojú irin tí ó gba Ọ̀fà kọjá ni ó la Odò Ọya ní Jẹ́bbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú omi tí kò jìn, kí ẹja náà lè fura kí ó sì sá. Ẹni tí ó bá ta, kí ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, nítorí ooru a máa dín ìrora náà kù. Lẹ́yìn náà kí ó lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Ní ti ẹni tí kìnnìún bá mú, àwa kò ní ìmọ̀ràn omi gbígbóná kankan fún un.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn méjèèjì ń bí ọmọ láàyè. Àrọ̀ a máa yé ẹyin lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n irú ẹja pẹlẹbẹ yìí ń fi omi bí wàrà bọ́ ọmọ díẹ̀ nínú ikùn rẹ̀. Kìnnìún lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 110, ó sì sábà ń bí ọmọ méjì sí mẹ́rin. Níbẹ̀ ni ewu wọn wà, nítorí bí a bá pa ìyá kan, ó pẹ́ kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé àgbà kìnnìún tí ó kù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò tó 250, ní ibi mẹ́rin péré. Kainji àti Yankari ni ti Nàìjíríà. Ọdẹ tí ń jí ẹran pa ń dín oúnjẹ wọn kù, darandaran sì ń da màlúù wọ inú igbó náà. Kìnnìún ṣì ní ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ọ; ní ti ẹja, àwọ̀n tí a dẹ fún àrọ̀ kò mọ ìyá ẹja olóyún yàtọ̀.